Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Tún Ògiri Ààlà Ṣe?

Nínú gbogbo ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ ara wọn, díẹ̀ ni ó kéré ní ojú tí wàhálà rẹ̀ sì pọ̀ tó ti ògiri tí ó dúró láàrin ilé méjì. Nígbà tí ó bá dúró ṣinṣin, kò sí ẹni tí ń rántí rẹ̀. Àwọn ọmọ a fi ẹ̀yìn tì í, àwọn ìyá a sá aṣọ sí orí rẹ̀, adìẹ a sì máa fi ẹsẹ̀ tú ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá là, tí òkè rẹ̀ sì tẹ̀ sí ìhà kan, ní ọjọ́ náà ni ìbéèrè a dìde: ta ni ó ni ín, ta ni yóò sì tún un ṣe? Ẹni tí ó wà ní ìhà ọ̀tún a ní ti ẹni òsì ni. Ẹni òsì a ní bàbá ẹni ọ̀tún ni ó mọ ọ́n. Bí wọ́n sì ti ń jiyàn, òjò kò ní dúró dè wọ́n.

A rí i pé ó yẹ kí a gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò ní gbangba, nítorí pé kì í ṣe ọ̀ràn àwọn tí kò mọ Ọlọ́run nìkan. Àwọn tí ń jùmọ̀ jókòó lórí àga kan náà nínú ilé Ọlọ́run ni a ń rí tí wọn kì í kí ara wọn ní ìta nítorí ògiri tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Àwọn àgbà wa ti wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Wọ́n fi ògiri pa òwe fún ìdílé. Ṣùgbọ́n àwa ń fẹ́ kí a mú òwe náà padà sí ìdí ògiri gan-an lónìí, kí a sì bi ara wa pé ta ni yóò dí ẹnu rẹ̀.

ỌRÀN ILÉ MÉJÌ KAN

Ọ̀ràn kan wá sí iwájú àwọn àgbà ìjọ níbi tí a gbé ń ṣiṣẹ́, àwa ni a sì kọ ọ̀rọ̀ tọ̀tún tòsì sílẹ̀. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí tí ọ̀ràn náà ti parí ní àlàáfíà. Ọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ni ó wà ní ìhà kan, opó kan tí ń din àkàrà tà ni ó wà ní ìhà kejì. Ògiri amọ̀ tí àwọn bàbá ńlá wọn mọ ni ó wà láàrin wọn, ó sì ga tó èjìká àgbàlagbà. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù September, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, ògiri náà wó ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. Ọmọ káfíńtà náà, ọmọ ọdún mẹ́rin, a máa ṣeré ní ìdí ògiri yìí lójoojúmọ́. Ì bá ṣe pé ọ̀sán ni ó wó, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa kọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ewúrẹ́ mẹ́ta tí opó náà ń sìn ti gba ojú àlàfo kọjá, wọ́n sì ti jẹ ewé gbágùúdá àti ẹ̀fọ́ tí ìyàwó káfíńtà gbìn sí ẹ̀yìn ilé run.

Ọkùnrin náà wí pé, “Ìyá, ẹ wá kó ẹran yín, kí ẹ sì tún ògiri yín ṣe.” Obìnrin náà dáhùn pé, “Ọ̀gá Káfíńtà, ẹ má bínú nítorí ẹran; ṣùgbọ́n ògiri kì í ṣe tèmi. Bàbá yín àgbà ni ó mọ ọ́n, gbogbo àdúgbò ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.” Láti orí ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń gorí ọ̀rọ̀, títí tí a fi mẹ́nu kan òkú ọ̀run tí kò sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀. A kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọdọ̀ bá ọmọ ìhà kejì ṣeré mọ́. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi tí a ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa dé, àwọn méjèèjì jókòó síbi tí wọ́n wà, wọn kò sì lè súnmọ́ tábìlì. Nígbà náà ni àwọn àgbà mọ̀ pé ohun tí ó wó ju amọ̀ lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe ni ó yẹ kí a kíyè sí. Wọn kò jókòó sí yàrá kí wọ́n máa bèèrè ta ni ó ni ògiri. Wọ́n dìde, wọ́n mú bíríkìlà kan lọ́wọ́, wọ́n sì lọ wo ìdí rẹ̀. Ní ìhà ti káfíńtà, wọ́n rí i pé ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ó sún òrùlé rẹ̀ síwájú, ó sì fi páànù tuntun bò ó, etí páànù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ààlà. Kò fi gọ́tà sí i. Gbogbo ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ orí ilé ni ó ń dà sí ìdí ògiri, ó sì ti gbẹ́ ihò tí ó gùn bí ọpọ́n ayò síbẹ̀. Ní ìhà ti opó, wọ́n rí i pé àwọn ará ilé rẹ̀ a máa wa yẹ̀pẹ̀ pupa ní ìdí ògiri náà láti fi tún ààrò ṣe, àwọn ewúrẹ́ a sì máa fi ara ha á. Ìhà méjèèjì ni a ti ń jẹ ìdí rẹ̀ láìmọ̀. Òjò ọjọ́ mẹ́ta wulẹ̀ parí iṣẹ́ tí àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ ni.

OHUN TÍ Ó Ń WÓ ÒGIRI

Ògiri amọ̀ a máa kú láti orí àti láti ẹsẹ̀. Bí orí rẹ̀ kò bá ní ìbòrí, òjò a wọ inú rẹ̀ lọ láti òkè, a sì là á. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi ń fi koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ bo orí ògiri àgbàlá. Bí omi bá sì ń ta sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìsàlẹ̀ a tínrín, òkè a wúwo jù fún un, a sì ṣubú ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí. Nítorí èyí ni àwọn ìyá àtijọ́ ṣe ń fi bọ́tọ rẹ́ ìdí ilé lẹ́yìn òjò, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ihò kékeré kan di ihò ńlá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá nítorí pé búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ni a ń lò nísinsìnyí. Ògiri búlọ́ọ̀kù náà ń wó. Ẹni tí ó bá kó yẹ̀pẹ̀ gàgàrà ti ògiri ààlà kí àgbàlá rẹ̀ lè tẹ́jú, ó ti fi iṣẹ́ tí a kò kọ́ ògiri náà fún sí i lọ́rùn. Nígbà tí òjò bá rọ̀, yẹ̀pẹ̀ náà a mu omi, a sì fi gbogbo agbára ti ògiri sí ìhà kejì. Bí a kò bá dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún omi láti jáde, ọjọ́ rẹ̀ kò ní pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gbin igi ńlá sí ìdí ògiri, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń gbé ìpìlẹ̀ sókè. Gbogbo wọn lè fi òótọ́ wí pé àwọn kò fi ọwọ́ kan ògiri náà rí.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Nínú ọ̀ràn ilé méjì yẹn, àti nínú irú rẹ̀ mìíràn tí a ti rí, ìbéèrè mẹ́ta ni ó ń tọ́ni sọ́nà. Èkínní, lórí ilẹ̀ ta ni ògiri náà dúró, ta ni ó sì mọ ọ́n? Bí ó bá dúró pátápátá nínú ilẹ̀ ẹnìkan, tí ó sì jẹ́ owó rẹ̀ nìkan ni a fi kọ́ ọ, tirẹ̀ ni, ẹrù rẹ̀ sì wà ní ọrùn rẹ̀. Èkejì, ta ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀? Bí ó bá ń dáàbò bo ilé méjèèjì, tí àwọn méjèèjì fi ẹ̀yìn ìdáná tàbí balùwẹ̀ tì í, kò tọ́ kí ẹnìkan máa jẹ, kí ẹnìkejì máa san. Ẹ̀kẹta, kí ni ó bà á jẹ́? Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ orí ni, kí a pín ìnáwó náà. Bí ó bá jẹ́ omi ẹnìkan, ẹran ẹnìkan, igi ẹnìkan, tàbí ọkọ̀ ẹnìkan ni ó bà á jẹ́, kí ẹni náà gbé apá tí ó pọ̀ jù.

Ẹ ó rí i pé ìbéèrè èkínní nìkan ni àwọn ènìyàn máa ń pariwo lé lórí, nígbà tí ó jẹ́ pé ìbéèrè kẹta ni ojú lè rí ìdáhùn rẹ̀ ní kíákíá. A kò nílò àgbà ọlọ́gọ́rin ọdún láti sọ ibi tí omi gbé ń dà sí.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ DÍDÁ TÚN UN ṢE

Nísinsìnyí a fẹ́ sọ ohun kan tí a rò pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò tíì fi ọkàn sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yọ̀ nígbà tí aládùúgbò wọn bá rẹ̀ ní ìjà, tí ó sì fi owó ara rẹ̀ nìkan tún ògiri ààlà ṣe. Wọ́n a ní àwọn ti jẹ èrè. Àwa wí pé àdánù ni wọ́n jẹ. Ẹni tí ó dá tún ògiri ṣe ni yóò yan ibi tí ìpìlẹ̀ yóò gbà. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, bíríkìlà rẹ̀ lè sún okùn sí ìhín tàbí sí ọ̀hún ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan láìmọ̀ọ́mọ̀. Bí a bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọgọ́ta ọdún, àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta ti lọ. Àwọn tí ó mọ ibi tí ògiri àtijọ́ wà yóò ti sùn nínú Olúwa, àwọn ọmọ ẹni tí ó ń náwó yóò sì wí pé, “Ní gbogbo ìgbà tí a gbọ́n dé, ilé wa ni ó ń tún ògiri yìí ṣe, ǹjẹ́ ta ni ó tún ni ín?” Wọn kò purọ́. Bàbá ìhà kejì ni ó fi àìná kọ́bọ̀ rẹ̀ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ náà.

Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ kò sì jìnnà sí èyí. Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ ilẹ̀ kan tí ó ti Warri wá, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ tí ènìyàn fi lè fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn àwọn baba ńlá wà nínú rẹ̀, ìwé wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà onílẹ̀ tí ènìyàn ń hù lórí ilẹ̀ náà fún ọjọ́ pípẹ́, àti lílo ilẹ̀ náà pẹ́ títí, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ni mímọ ògiri àti títún un ṣe ní ọdọọdún, bí kò ṣe ìwà onílẹ̀? A kò wí pé ògiri nìkan tó láti fi gba ilẹ̀ ẹni; ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó bá kọ̀ láti bá ọmọnìkejì rẹ̀ tún ààlà ṣe, ó ń fi ẹ̀rí ilẹ̀ rẹ̀ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, kì í ṣe inú rere nìkan ni ó ń pè wá láti dá owó. Ọgbọ́n fún àwọn ọmọ wa pẹ̀lú ni.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ìwé tó dé. Pèrègún ni wọ́n sábà máa ń gbìn sí ààlà oko àti ilé, nítorí pé kì í tètè kú, ewé rẹ̀ a sì máa tutù nígbà tí igbó yòókù bá gbẹ nínú ọyẹ́. Wọ́n tún ń fi lápálápá ṣe ọgbà, nítorí pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Wọ́n sì ń ri ẹ̀ka akòko àti ìyeyè mọ́lẹ̀, tí í tún hù. Ṣùgbọ́n bí pèrègún ààlà bá kú, ẹnìkan kì í dá lọ gbin òmíràn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ìhà méjèèjì ni a ń pè, kí ojú lè jẹ́rìí.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Àwọn kan a máa bèèrè pé, òfin ìjọba ńkọ́? Òfin Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà gbà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 1900, kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni ní gbogbo gbòò láti ṣe ọgbà yí ilẹ̀ rẹ̀ ká tàbí láti máa tún un ṣe, àfi bí àdéhùn tàbí òfin pàtàkì kan bá di í mú. Ṣùgbọ́n òfin kan náà wí pé kí olúkúlùkù dáàbò bo ọmọnìkejì rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹran ọ̀sìn tirẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ Gómìnà fún àǹfààní gbogbo ènìyàn, kò pa ààlà láàrin ilé àti ilé rẹ́. Nítorí náà, níbi tí òfin bá dákẹ́, àdéhùn ni yóò sọ̀rọ̀. Bí a kò bá sì ṣe àdéhùn, ìjà ni yóò sọ̀rọ̀.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí àwọn ará wa ní Kétu, Sákétẹ́ àti Àjàṣẹ́ ti wà lábẹ́ ìjọba Faransé títí di ọdún 1960, ìwé òfin tí Napoleon fi lélẹ̀ ní Faransé ní ọdún 1804 gba ọ̀nà mìíràn. Ó wí pé ògiri tí ó wà láàrin àgbàlá méjì, ti àwọn méjèèjì ni a ó kà á sí, àfi bí ìwé tàbí àmì bá fi òmíràn hàn. Títún un ṣe wà ní ọrùn gbogbo àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i, olúkúlùkù ní ìwọ̀n ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ san lè yọ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọdọ̀ yọ ọwọ́ nínú níní i pẹ̀lú, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ògiri náà bá gbé ilé rẹ̀ dúró. Àmì kan tí ìwé náà dárúkọ dùn mọ́ wa púpọ̀: bí orí ògiri bá dagun sí ìhà kan ṣoṣo, ti ẹni tí omi rẹ̀ ń ṣàn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ó ka ògiri náà sí. Ẹ rí i pé àwọn amòfin pẹ̀lú ń wo ibi tí omi gbé ń lọ.

OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ FI HÀN WÁ

Fún àwa Kristẹni, ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Òfin Mose kọ̀ fún ènìyàn láti ṣí àmì ààlà aládùúgbò rẹ̀ nípò, Oníwàásù sì fi ejò kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá já ọgbà. Ṣùgbọ́n orí kẹta ìwé Nehemiah ni a fẹ́ kí àwọn baálé ilé jókòó kà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Níbẹ̀ ni a ti rí bí a ṣe pín odi Jerusalemu fún àwọn ènìyàn láti tún un mọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, títí kan àwọn àlùfáà, ni a fún ní apá tí ó kọjú sí ilé ara wọn. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí ta ni yóò fi amọ̀ tí kò dára mọ ibi tí ọ̀tá lè gbà wọ yàrá tirẹ̀? Àwọn ọmọbìnrin Ṣallumu tí í ṣe ìjòyè wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà. Wọ́n bá a mọ ọ́n, a sì kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé. Àwọn ọlọ́lá Tekoa kọ̀ láti fi ọrùn wọn sí iṣẹ́ náà, a sì kọ ìyẹn pẹ̀lú sínú ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Tekoa tí kì í ṣe ọlọ́lá parí apá tiwọn, wọ́n sì tún mú apá mìíràn. Ní ọjọ́ méjìléláàádọ́ta, odi náà parí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

BÍ A ṢE PARÍ Ọ̀RÀN NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé méjì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn àgbà ti fi ojú ara wọn rí ìdí ògiri, wọ́n pe àwọn méjèèjì síbẹ̀, kì í ṣe sí ilé ìjọsìn. Wọ́n ní kí káfíńtà na ọwọ́ sí ihò tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbẹ́. Wọ́n ní kí ìyá na ọwọ́ sí ibi tí a ti wa yẹ̀pẹ̀ ààrò. Àwọn méjèèjì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín ẹrù. Káfíńtà ni yóò ra sìmẹ́ǹtì fún ìpìlẹ̀, yóò sì fi gọ́tà sí etí páànù rẹ̀ kí omi lè máa lọ sí ojú ọ̀nà. Opó náà kò ní owó. Nítorí náà àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì yóò pọn omi, wọn yóò sì po amọ̀, òun yóò sì máa bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ bá fi wà. A ó so àwọn ewúrẹ́ títí ògiri yóò fi gbẹ. Ní ti ẹ̀fọ́ tí a jẹ, ìyàwó káfíńtà fúnra rẹ̀ ni ó wí pé, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí a fi ti ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Òmíràn yóò hù.”

Kí a tó gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n na okùn láti ìdí pèrègún iwájú dé ìdí pèrègún ẹ̀yìn, ẹnìkan láti ilé kọ̀ọ̀kan sì di orí okùn mú. Wọ́n kọ ìwé méjì, tí ó jẹ́ ọ̀kan náà ní ọ̀rọ̀, nípa ibi tí ògiri gbà àti ohun tí olúkúlùkù ṣe. Àwọn méjèèjì fi ọwọ́ sí i, àwọn ẹlẹ́rìí méjì sì fi ọwọ́ sí i. Nínú oṣù November ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò ti lọ, ìpele kọ̀ọ̀kan sì gbẹ dáadáa kí a tó gbé òmíràn lé e. Ní ọjọ́ Ìsinmi Oúnjẹ Alẹ́ tí ó tẹ̀lé e, a rí àwọn méjèèjì tí wọ́n dìde lọ sí ibi tábìlì.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ILÉ GBOGBO

Nítorí náà, ẹ̀yin baálé àti ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ògiri yóò wó. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, kí ọyẹ́ tó mú, ẹ jáde lọ wo ìdí rẹ̀ ní ìhà tiyín. Bí ẹ bá rí ìlà tàbí ihò, ẹ má ṣe rán ọmọ ọ̀dọ̀ láti lọ kígbe sí ilé kejì. Kí àgbà lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì wí pé, “Bàbá wa, ẹ kú ilé. Ògiri wa ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ wò ó kí òjò tó padà dé.” Ọ̀rọ̀ náà “wa” ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kí a tó ra sìmẹ́ǹtì.

Ẹ̀yin ayálégbé, bí ẹ kò tilẹ̀ ni ilé, ẹ̀yin ni ẹ̀ ń gbé ìdí ògiri náà. Ẹ tètè fi tó onílé létí nígbà tí ẹ bá rí ewu, ẹ má sì ṣe fi ara yín ṣe aláṣẹ láti wó ohun tí kì í ṣe tiyín. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe gun ògiri ààlà, kí wọ́n má sì ṣe wa ìdí rẹ̀; kí ẹ sì lé wọn jìnnà sí èyí tí ó bá ti tẹ̀.

Bí ilé kejì bá kọ̀ ńkọ́? Ẹ lọ ní ẹ̀ẹ̀kejì pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kan tí àwọn méjèèjì bọ̀wọ̀ fún. Bí ó bá tún kọ̀, tí ewu sì ń bẹ, ẹ tún ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ tiyín ṣe, kí ẹ sì fi ìwé sílẹ̀ fún un pé ẹ kò fi èyí gba ilẹ̀, ẹ kò sì fi èyí fi ilẹ̀ sílẹ̀. Bí ààlà gan-an bá rú yín lójú, ẹ pe awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ kí ó wá òpó tí a rì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jùmọ̀ san owó rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ni kí ó gbẹ̀yìn nínú ohun gbogbo. Àwọn àgbà kò ṣèké nígbà tí wọ́n wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a tún ṣe ọ̀rẹ́. Owó tí ẹ ó sì ná lórí ẹjọ́ ọdún kan lè tó láti mọ ògiri náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ògiri ààlà wà láti jẹ́ kí ilé méjì lè wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìsí ìyọlẹ́nu. Kò wà láti sọ wọ́n di ọ̀tá. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá fi ọwọ́ kan amọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì yóò mọ ibi tí ilẹ̀ baba wọn dé, wọn kì yóò sì ní ìdí láti bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Kí Ọlọ́run àlàáfíà kọ́ wa láti tún ohun tí ó ya láàrin wa ṣe kí ó tó wó, nínú ilé wa àti nínú ìjọ rẹ̀.